Ẹni Tí Kò Gbọ́ Ìbéèrè, Kí Ni Yóò Dáhùn?

Nígbàkígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá bá kéde pé òun fẹ́ gba olùkọ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ òun, ohun méjì ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yóò máa sáré kiri láti ṣe ẹ̀dà ìwé wọn, àwọn òbí wọn yóò sì máa sáré lọ sí ilé àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú láti lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó bá tẹ̀lé e, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tí a ó máa gbọ́ ni ti ẹni tí ó mọ ẹni. A kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà gan-an, nígbà tí ọmọ bá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n sì la ẹnu bi í ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ yàrá náà ni àwa fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó dá wa lójú pé ibẹ̀ ni a ti ń pàdánù ọ̀pọ̀ olùkọ́ rere, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń gba ọ̀pọ̀ àwọn tí kò yẹ ní gbígbà.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni àwọn oníwèé ìròyìn ń pè é. Intafíù ni àwọn ará ìgboro ń pè é. Ó dàbí ẹni pé orúkọ tí àwa oníwèé ìròyìn fún un yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí ẹnu ni ó dárúkọ, kò dárúkọ etí. Ẹni tí ó ń lọ síbẹ̀ a máa pọ́n ẹnu rẹ̀ títí yóò fi mú bí abẹ. A kọ́ bí a ṣe ń kí ìgbìmọ̀, a há ìtàn ara rẹ̀ sórí, a há orúkọ gómìnà àti kọmíṣánnà sórí, a sì há ìdí tí ó fi fẹ́ràn iṣẹ́ olùkọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ sórí. Etí rẹ̀ ni ó máa ń fi sílẹ̀ ní ilé.

Kí a sì rántí bí àyè yàrá náà ti ṣọ̀wọ́n tó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ tí ń bójú tó ìwọlé àti ìjáde àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré ní ìlú púpọ̀. Àyè iṣẹ́ tí ó wà kò tó 5,000. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀, tí oníkálukú wọn sì san 1,000 náírà, lé ní 500,000. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn ní ẹnu géètì, tí wọ́n sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn tí ó kú ní Àbújá, ní Minna, ní Benin àti ní Port Harcourt kò dín ní 15, aboyún sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbà, tí òun nìkan jókòó nínú yàrá tí ó parọ́rọ́, tí àgbà márùn-ún sì kọ ojú sí i, ti rí ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn wá títí tí wọn kò rí. Ohun ìbànújẹ́ ni pé kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò pẹ́ tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ìwé mi sì gbóná ní orí mi bí àkàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú epo. Obìnrin kan, àgbàlagbà, ni ó bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó ní, “Ọmọ kan wà nínú kíláàsì rẹ tí ó dákẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe?” Ọ̀rọ̀ náà “kíláàsì” àti ọ̀rọ̀ náà “dákẹ́” nìkan ni mo mú. Kí ó tó pa ẹnu dé ni mo ti ṣí orí kẹfà nínú ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ní ọkàn mi, níbi tí a ti kọ́ wa bí olùkọ́ ṣe ń mú kí kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sọ ti ohùn tí kò gbọdọ̀ ga jù, mo sọ ti ojú tí ó gbọdọ̀ ká gbogbo yàrá, mo sọ ti olórí kíláàsì tí ń kọ orúkọ àwọn aláriwo. Mo sọ ọ́ geerege bí ẹni ń ka kátíkísìmù. Nígbà tí mo parí, màmá náà wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ọmọ kan ni mo wí. Ó sì ti dákẹ́ kí o tó dé ibẹ̀.”

N kò rí iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí mo dé ilé, àwọn ẹbí tù mí nínú. Àbúrò bàbá mi ní, “O kò ní ẹni níbẹ̀ ni, má da ara rẹ láàmú.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo sì gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Bóyá òótọ́ tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí a mọ̀ pé àwọn tí ó ní ẹni wà nínú àwọn tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi kò ní ẹni nínú. N kò gbọ́ ìbéèrè ni. Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ kọ́ ni pé ó tì mí lójú. Èyí tí ó burú jù ni pé ìbéèrè náà, etí ni ó ń wá. Ọmọ tí ó dákẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan lè jẹ́ adití díẹ̀, ebi lè máa pa á, ìyà rẹ̀ lè ti kú, tàbí kí olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú ti dẹ́rù bà á. Olùkọ́ tí kò gbọ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni àgbàlagbà wí, tí àgbàlagbà náà sì fi ohùn ketekete wí i, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ti ọmọ tí kò wí nǹkan kan?

Ìdí nìyí tí àwa kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni fífi etí sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá lọ aṣọ rẹ̀ tàbí tí ó kun bàtà rẹ̀. Ní ti iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ náà gan-an ni. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, a máa ní kí ó wa ọkọ̀ kí a wò ó. Ẹni tí yóò kọ́ni, bí ó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ọkọ̀ tirẹ̀.

Ní ọdún 1957, Ralph Nichols, olùkọ́ ní Yunifásítì Minnesota ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti Leonard Stevens, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, lójú ẹsẹ̀ náà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni yóò rántí, bí ó ti wù kí ó rò pé òun fi ọkàn sí i tó; nígbà tí oṣù méjì bá kọjá, ó ti di ìdá mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà a máa sọ tó ọ̀rọ̀ 125 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n èrò ọkàn yára ju èyí lọ fíìfíì. Àyè a sì ṣẹ́ kù láàárín ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ènìyàn àti ohun tí ọkàn rẹ̀ lè gbé. Inú àyè náà ni ọkàn ti máa ń sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọkàn ẹni tí ń wá iṣẹ́ máa ń sá lọ. Ó ń wo ojú ọ̀gá tí ó di awò mọ́ ojú, ó ń rò ó bóyá ọ̀gá náà bínú. Ó ń ṣírò owó ọkọ̀ tí yóò fi padà sí ìlú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń wá èyí tí ó bá ìbéèrè náà jọ nínú àwọn ìdáhùn tí ó ti há sórí, kí ó lè yára fà á yọ. Ẹni tí ó mọ etí í lò yóò fi àyè kan náà ṣe ohun mìíràn: yóò máa ka ẹsẹ̀ ìbéèrè náà. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ìgbìmọ̀ ni ó ní ẹsẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé, “Kí ni ìdí tí o fi fẹ́ lọ kọ́ni ní abúlé, báwo ni ìwọ yóò sì ṣe máa dé ibẹ̀ kí agogo tó lù?”, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò sọ ìdí náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí wọn kò ní fẹnu kan agogo. Bẹ́ẹ̀ sì ni agogo náà ni ó ń kan ìgbìmọ̀ lára, nítorí wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ olùkọ́ abúlé tí ń dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá.

Àwọn ọ̀dọ́ kan yóò sọ fún wa pé àwọn kò gbọ́ apá kan ìbéèrè, ṣùgbọ́n pé ojú ń ti àwọn láti ní kí wọ́n tún un sọ. Èyí ní ìdí tirẹ̀ nínú ilé tí a ti tọ́ wa. Ọmọ tí a bá rán ní iṣẹ́ tí ó wá dúró tí ó ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì, a máa ń sọ pé kò ní làákàyè, a sì máa ń rán an létí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Àwa bẹ̀ yín, ẹ tún òwe náà gbọ́. Kò sọ pé àbọ̀ ni ọmọlúàbí gbọ́. Ó ní àbọ̀ ni a sọ. Gbogbo àbọ̀ náà ni ó gbọ́ pátá kí ó tó di odindi nínú rẹ̀. Kò sì sí àfojúdi kankan nínú kí ènìyàn wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, n kò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yín dáadáa,” tàbí kí ó ní, “Bí ó bá yé mi, sà, ohun tí ẹ ń béèrè ni pé báwo ni n ó ṣe máa tètè dé.” Àfojúdi ni kí àgbà máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ọmọdé sì ti máa sọ pé “Bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà” lé e lórí, bí ẹni tí ń lé ẹyẹ ní oko ìrẹsì.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọwọ́ yín ni a ti kọ́ àṣà yìí, ọwọ́ wa náà sì ni. Ìyanu ni pé kò sí ọmọ tí Ọlọ́run fún ní etí ju ọmọ Yorùbá lọ. Kí ó tó pé ọdún mẹ́ta, ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn nìkan ni ó sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ó ń gbọ́ ìlù, ó ń mọ ohun tí onílù wí. Ó ń gbọ́ àlọ́, ó ń gba orin rẹ̀ ní ibi tí ó yẹ láìṣì. Lẹ́yìn náà a fi í sí ilé ẹ̀kọ́, a sì kọ́ ọ pé ojú ni gbogbo nǹkan. Ohun tí a bá kọ sí pátákó ni ìmọ̀; ohun tí a bá fi ẹnu sọ, ariwo ni.

Ẹ wo ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama tí àjọ WAEC ń ṣe. Ìwé kẹta nínú iṣẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ náà tẹ̀ jáde, àwọn ọmọ Gánà, Sierra Leone àti Gambia ni a ṣètò fún láti tẹ́tí sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Ní ti àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Liberia, ìbéèrè 60 ni a tẹ̀ sórí ìwé fún wọn, wọn yóò sì máa yan ìdáhùn. Ìró ohùn ni ìbéèrè náà dá lé lórí, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò sí nínú gbọ̀ngàn náà àfi ti ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Ojú ni ọmọ wa fi ń ṣe ìdánwò ètè àti etí. Bóyá iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó pọ̀ ni ó mú kí a ṣe é bẹ́ẹ̀, bóyá sì ni iná mànàmáná tí kò dá wa lójú. Ìdí yòówù tí ìbáà jẹ́, ọmọ náà jáde láìsí ẹni tí ó tíì fi máàkì kan ṣoṣo san èrè fún un nítorí pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké. Ọjọ́ tí ó bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ni a ó kọ́kọ́ dán etí rẹ̀ wò, ìyẹn sì pẹ́ jù.

Kò di ìgbà tí WAEC bá yí ìlànà rẹ̀ padà kí a tó tún èyí ṣe. Àpèkọ tí àwọn tíṣà wa àtijọ́ máa ń fún wa kò gba owó lọ́wọ́ ìjọba. Tíṣà a ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ jù kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní kà á mọ́; ẹni tí kò gbọ́ yóò rí àbùkù rẹ̀ nínú ìwé ara rẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, a ní àṣà àtijọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti kí ọmọ kan sọ ìtàn, kí ọmọ kejì dìde kí ó tún un sọ, kí ọmọ kẹta sì sọ ohun tí ẹnì kejì gbàgbé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo rẹ̀ ń gbà ní òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síhìn-ín, tí a di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tíṣà wọn, a ti di agbẹjọ́ẹnìkan-dá, a sì mọ ohun tí àwọn baba wa pe irú àgbà bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní etí. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ rí yóò jẹ́rìí sí ohun tí a fẹ́ wí. Ẹnì kan nínú wọn ń ka fáìlì ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní àkókò tí ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kejì ń tẹ fóònù. Ẹnì kẹta ti mọ orúkọ àwọn tí yóò gbà láti àná, nítorí náà oorun ni ó ń sun, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ là. Wọ́n bi ọmọ kan ní orúkọ olú-ìlú orílẹ̀-èdè kan, wọ́n bi èkejì ní bí yóò ṣe kọ́ ìdá, wọ́n bi ẹ̀kẹta ní ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá. Báwo ni ènìyàn ṣe lè fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn? Ní ọdún 2022, Paul Sackett ti Yunifásítì Minnesota kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀pọ̀ ìwádìí tí a ti ṣe láti ẹ̀yìn wá yẹ̀ wò, láti mọ ọ̀nà tí ó dára jù tí a fi lè mọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ dáadáa kí a tó gbà á. Ọ̀nà tí ó gba ipò kìíní ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ti ṣètò sílẹ̀, níbi tí a ti ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan náà tí a sì ń fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ìdáhùn wọn. Èyí tí a kàn ń bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ kò sún mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kọ máàkì sílẹ̀ lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe kí ó má gbọ́ ìdáhùn náà.

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ wá kàn yín wàyí, a kò sì ní fi bò. A mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ní ẹ rin oòrùn, ẹ pín ìwé, ẹ gba òjò ní ojúbọ ìdìbò, àwọn ẹlòmíràn sì jẹ nígbà tiwọn. Ó ti ṣe wá jẹ́ pé nígbà tí ó kan ọmọ yín, ìwé ìròyìn yóò wá máa wàásù? A kò sọ pé kí ẹ má wá iṣẹ́ fún ọmọ yín. Ohun tí a ń sọ ni iṣẹ́ tí ìwé pélébé tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ àgbà ẹgbẹ́ ń ṣe nínú yàrá náà. Ọmọ tí ó mú un lọ́wọ́ kò ní fi etí sílẹ̀, nítorí kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò ní fi etí sílẹ̀ fún un, nítorí wọn kò láyà láti kọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò ní ìwé, tí ó sì gbọ́ ìbéèrè tí ó dáhùn rẹ̀ dáadáa, àwọn odi ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé kan ti di gbogbo etí tí ó wà nínú yàrá.

Ta ni yóò sì jìyà rẹ̀? Kì í ṣe ọmọ àgbà ẹgbẹ́ tí ó fún yín ní ìwé. Ọmọ tirẹ̀ ń bẹ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ọmọ yín ni wọ́n, àti ọmọ aládùúgbò yín. Ọmọ tí ó dákẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ yín ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 400,000 ní ọdún 1954 di ẹni tí ó lé ní 800,000 ní ọdún 1955. Olùkọ́ kò tó, ìjọba sì ní láti fi ọ̀pọ̀ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ sí iwájú kíláàsì, bí ó ti ń dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ kọ́ ọ. Àwọn ènìyàn kùn nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ń wó lulẹ̀. Ìdáhùn wà lẹ́nu ìjọba náà: olùkọ́ kò sí nílẹ̀ ni. Àwa kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀ lónìí. Olùkọ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí NCE àti ti yunifásítì ń gun ọ̀kadà káàkiri ìlú wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbọ́ ìbéèrè dáadáa ní ọjọ́ tí wọ́n bi wọ́n.

Ohun tí àwa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àjọ tí ń gba olùkọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa kò wúwo. Kí wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ kan náà. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ máàkì tirẹ̀ kí ó sì fi ọwọ́ sí i kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n gba gbogbo fóònù sí ẹnu ọ̀nà, ti àwọn àgbà náà pẹ̀lú. Kí ẹni tí wọn kò gbà sì lè rí iye máàkì tí ó gbà, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹni ni òun kò ní tàbí ìbéèrè ni òun kò gbọ́. Àjọ tí ó bá kọ́kọ́ ṣe èyí, kí ó fi ìbéèrè rẹ̀ àti òṣùwọ̀n máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nígbà tí ètò náà bá parí. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ìwé yìí láìgba kọ́bọ̀.